Wáìnì Etí Odò Loire ní Ìjẹ̀bú-Òde: Funfun Ló Borí Pupa

Ẹni tó bá ń lọ sí òde ìnáwó ní Ìjẹ̀bú yóò ti rí i pé wáìnì pupa ni wọ́n máa ń kó sórí tábìlì àwọn àgbà, àti pé èyí tó bá dùn bí omi ṣúgà ni ọwọ́ máa ń yá sí jù. Nítorí náà, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ọtí kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kéde pé àwọn fẹ́ ṣe ìrọ̀lẹ́ ìtọ́wò fún wáìnì etí odò Loire ti ilẹ̀ Faransé, tó sì jẹ́ pé funfun ló pọ̀ jù nínú ìgò mẹ́jọ tí wọ́n kọ sínú ìwé ìpè, àwọn kan sọ ọ́ lójú mi pé ọjà náà kò ní tà. Mo lọ, mo tọ́ gbogbo rẹ̀ wò. Ohun tí mo rí ni pé àwọn funfun yẹn gan-an ló bá oúnjẹ tí à ń jẹ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ mu jù, àti pé àwọn tó ṣètò ìrọ̀lẹ́ náà mọ bí a ti ń gbé wáìnì funfun kalẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n fi pupa ṣòfò.

Gbọ̀ngàn kékeré kan tí kò jìnnà sí Fọlágbadé ni wọ́n lò. Wọ́n gbé ife onígíláàsì tó ní ẹsẹ̀ gígùn kalẹ̀ fún olúkúlùkù, pẹ̀lú omi tútù, búrẹ́dì tí wọn kò fi bọ́tà sí, àti garawa kékeré tí ènìyàn lè tu ọtí ẹnu rẹ̀ sí. Garawa yìí ló kọ́kọ́ dá awuyewuye sílẹ̀, nítorí pé lójú ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹni tó fi owó ra ọtí tó tún ń tu ú dànù kò mọ iyì owó. Obìnrin tó darí ètò náà fi sùúrù ṣàlàyé pé ẹni tó bá gbé gbogbo rẹ̀ mì kò ní lè sọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìkẹfà àti ìkeje, àti pé imú àti ahọ́n ni iṣẹ́ náà wà fún, kì í ṣe ikùn. Yorùbá tó já gaara ló fi sọ ọ́, kò sì fi orúkọ Faransé dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Èmi tu tèmi; àwọn tó jókòó lọ́wọ́ òsì mi kò tu, ẹ̀rín wọn sì ti ń dún sókè kí a tó kúrò lórí funfun.

Odò Loire ló gùn jù lọ ní ilẹ̀ Faransé. Ó ju 1,000 kìlómítà lọ láti orí òkè tó ti sun ní gúúsù títí dé ibi tó ti wọ Òkun Àtìláńtíìkì lẹ́yìn ìlú Nantes, odò tó sì gùn tó bẹ́ẹ̀ kò lè ní irú wáìnì kan ṣoṣo létí rẹ̀. Ní ìwọ̀ oòrùn, lẹ́bàá òkun, Muscadet ni wọ́n ń ṣe. Ní àárín, ní agbègbè Anjou, Saumur àti Touraine, èso àjàrà Chenin Blanc àti Cabernet Franc ló gbalẹ̀. Ní ìlà oòrùn, ní Sancerre àti Pouilly tí wọ́n dojú kọ ara wọn lórí odò, Sauvignon Blanc ló jọba. Òtútù ló so gbogbo wọn pọ̀. Agbègbè náà wà lápá àríwá ju ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń gbin àjàrà ní ilẹ̀ Faransé lọ, oòrùn ibẹ̀ kò le, èso a sì máa pọ́n díẹ̀díẹ̀. Níbi tí oòrùn bá ti mú janjan, kíkan inú èso máa ń yára dínkù bí ṣúgà rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i. Níbi tó bá tutù, kíkan náà yóò ṣì wà nínú èso dìgbà ìkórè. Ìdí nìyẹn tí wáìnì Loire fi máa ń pe itọ́ jáde lẹ́nu ẹni tó bá fi kan ahọ́n.

Kíkan yìí ló ń lé àwọn ènìyàn wa sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Gaàrí tí gbogbo Nàìjíríà fi orúkọ wa pè ń kan, nítorí pé a máa ń fi ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó kan kí a tó yan án, ẹni tó bá sì gbé gaàrí tí kò kan wá fún ará Ìjẹ̀bú pé kó fi omi tútù mu ún yóò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ahọ́n tó ti mọ kíkan bẹ́ẹ̀ láti kékeré, tó sì mọ̀ pé òun ló ń mú kí ẹja díndín tí a fi ń mu gaàrí dùn sí i, kò ní ìdí kankan láti sá fún wáìnì funfun.

Muscadet ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ Sèvre et Maine sí lára, tí wọ́n sì kọ sur lie sí abẹ́ rẹ̀. Èso tí wọ́n fi ṣe é ń jẹ́ Melon de Bourgogne. Láti Bourgogne ní ìlà oòrùn ni wọ́n ti mú un wá, ṣùgbọ́n òtútù burúkú ọdún 1709, èyí tó pa ọ̀pọ̀ àjàrà agbègbè Nantes, ló fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ó lè fara da òtútù ju àwọn tó kú lọ. Ìgò tí ẹ bá ti rí sur lie lára rẹ̀, wọn kò yọ wáìnì inú rẹ̀ kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà tó ti hó tán títí ìgbà òtútù fi kọjá. Láti orí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ náà ni wọ́n ti fà á sínú ìgò tààrà. Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ yìí, tí í ṣe òkú ìwúkàrà tó mú ọtí náà hó, ló ń fún un ní ara díẹ̀ àti òórùn búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó sì sábà máa ń ṣẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ kù sínú rẹ̀ tí í ta ahọ́n wérewère.

Lójú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi. Ẹni tó bá ń wá òórùn tó máa gba gbogbo yàrá kan kò ní rí i níbẹ̀. Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ló wà, kò sì pọ̀. Ẹnu ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó kan, adùn iyọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kan sì máa ń kẹ́yìn rẹ̀, ọtí líle inú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọ̀jọ̀jọ̀ gbígbóná ni wọ́n gbé tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n dín títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi gan, pẹ̀lú èpìyà díndín. Mo jẹ ọ̀jọ̀jọ̀ kan, òróró rẹ̀ bo ètè mi, mo fi Muscadet tẹ̀ lé e, ẹnu mi sì mọ́ tónítóní débi pé ọwọ́ mi ti kan èkejì kí n tó mọ̀. Àwọn ará etíkun Faransé máa ń fi Muscadet jẹ àwọn ẹran inú karawun òkun; ẹ̀rí ọ̀jọ̀jọ̀ yìí kò kéré sí tiwọn. Òun ni owó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo ìgò tí wọ́n ṣí, n kò sì mọ ìdí tí àwọn tó ń ṣe àsè ẹja ní etí ọ̀sà fi ń rékọjá rẹ̀.

Sancerre funfun ló tẹ̀ lé e. Òkìkí rẹ̀ kàn ju ti Muscadet lọ, owó rẹ̀ sì ju ìlọ́po méjì tirẹ̀ lọ. Ìgò àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí kò dára: òórùn páálí tí òjò pa ló jáde níbi tó yẹ kí òórùn èso ti jáde. Obìnrin náà fi imú kan ife, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ó ṣí òmíràn, ó sì ní kí a má tíì da ti àkọ́kọ́ nù kí a lè gbé méjèèjì sí imú kí a sì mọ ìyàtọ̀. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ní ìrọ̀lẹ́ náà, èyí ni mo yìn jù, nítorí pé ọlọ́jà mìíràn ì bá rọra gbé e kúrò kó sì dákẹ́. Ara kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò ni àléébù yìí ti máa ń wá jù, kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní TCA ló sì ń fà á. Kì í ṣe ènìyàn ní ibi, ṣùgbọ́n bó bá ti wọ inú ìgò, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ lè dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bí wáìnì Faransé ṣe máa ń rùn nìyẹn.

Ìgò kejì gún régé. Ó ń rùn bíi koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé àti ọsàn, pẹ̀lú nǹkan kan tó jọ èéfín lábẹ́ rẹ̀. Òkúta ẹfun ló pọ̀ nínú ilẹ̀ Sancerre, àwọn òkè kan sì ní akọ òkúta tí í ta iná, àwọn olùtọ́wò a sì máa sọ pé láti ara akọ òkúta yìí ni òórùn èéfín náà ti wá. Èmi kò ní búra sí i. Ó dára, ó mọ́, ṣùgbọ́n kò fi ìlọ́po méjì dára ju Muscadet lọ, orúkọ rẹ̀ ni a sì ń san ìyókù owó náà fún.

Orí Vouvray ni ìrọ̀lẹ́ náà ti wá dùn. Vouvray wà ní ẹ̀gbẹ́ àríwá odò náà, ní ìlà oòrùn ìlú Tours, lórí òkúta ẹfun rírọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní tuffeau. Òkúta yìí ni wọ́n gbẹ́ láti kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ààfin ńláńlá tó wà létí odò náà, ihò tí gbígbẹ́ náà dá sílẹ̀ sì di ibi tí wọ́n ń tọ́jú wáìnì sí, nítorí pé inú rẹ̀ tutù bákan náà tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò. Chenin Blanc ni èso ibẹ̀. Àwọn tó ń ra wáìnì Gúúsù Áfíríkà ní ọjà wa ti ń mu Chenin láìfura, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbìn ín jù ní gbogbo ayé lónìí, ó sì ju èyí tó wà ní ilẹ̀ Faransé tó ti wá lọ. Ṣùgbọ́n ti Gúúsù Áfíríkà tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa máa ń rọ̀ lẹ́nu ju ti Loire lọ, oòrùn ló sì fà á.

Ohun tó mú Chenin ṣòro fún ẹni tó ń ra ọjà ni pé kò sí ohun tí wọn kì í fi í ṣe. Ìgò Vouvray kan lè jẹ́ sec, tí kò ní adùn ṣúgà. Ó lè jẹ́ demi-sec, tí adùn rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ó lè jẹ́ moelleux, tó dùn dáadáa. Ó tún lè jẹ́ èyí tó ń yọ ìfófó, tó ń ru sókè nínú ife. Ojú ọjọ́ ọdún ìkórè ló máa ń pinnu èyí tó máa pọ̀ nínú wọn, nítorí pé ọdún tí oòrùn bá ràn dáadáa ni èso máa ń ní ṣúgà tó pọ̀ tó fún èyí tó dùn. Àwọn olùṣe mìíràn kì í kọ ọ́ sára ìgò bóyá ó dùn tàbí kò dùn, èyí tí mo kà sí àìbìkítà fún oníbàárà, nítorí náà ẹ bi ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó, bí kò bá sì mọ̀ ọ́n, ẹ rà á níbòmíràn.

Ife méjì ni wọ́n bu fún wa lẹ́ẹ̀kan náà, sec àti demi-sec, wọ́n sì gbé ìkọ́kọrẹ́ wá. Ìkọ́kọrẹ́ náà kì í ṣe ti ilé oúnjẹ tí wọ́n ti dín ata rẹ̀ kù nítorí àlejò. Ewùrà rẹ̀ ṣe lọ́bẹ́lọ́bẹ́, ó ṣì ní kókó wẹ́wẹ́ nínú bó ṣe yẹ kó ní, epo pupa ti yọ sí etí àwo, edé àti ẹja gbígbẹ pọ̀ nínú rẹ̀, ata rẹ̀ sì mú. Mo kọ́kọ́ fi sec tẹ̀ lé e. Òórùn ápù ló kún inú rẹ̀, ó sì le koko. Ṣùgbọ́n bó ti kan ata lẹ́nu mi, ńṣe ni ata náà gbiná. Ọtí líle inú wáìnì máa ń mú kí ata ta ènìyàn sí i, bí kò bá sì sí adùn kankan tó máa pẹ̀tù sí i, ẹnu ẹni ló máa fara gbá a.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé demi-sec. Òórùn oyin díẹ̀ wà nínú rẹ̀ àti ti ápù tó ti pọ́n jù. Adùn rẹ̀ kọ́kọ́ bọ́ sórí ahọ́n, ó sì pa iná ata náà. Kí adùn ọ̀hún tó bẹ̀rẹ̀ sí í súni, kíkan rẹ̀ ti dé láti ẹ̀yìn, ó kó epo lọ, adùn edé nìkan ló kù lẹ́nu. Mo tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ìyá kan tó wọ bùbá àti ìró aláàárì, tí kò tíì sọ ohun rere kan nípa ọtí kankan láti ìbẹ̀rẹ̀, gbé ife rẹ̀ sókè, ó wò ó, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, èyí ló yẹ kẹ́ ẹ ti gbé wá látàárọ̀.” Ẹ̀rín sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni ìyá sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ra ìgò kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ síhìn-ín, Vouvray demi-sec ni kó rà, kó sì gbé e ka iwájú ọbẹ̀ aláta.

Ìgbà tí a dé orí pupa ni ètò náà kọsẹ̀. Láti ọ̀sán ni wọ́n ti to àwọn ìgò pupa sórí tábìlì kan lẹ́bàá fèrèsé, wọn kò sì fi wọ́n sínú yìnyín bí wọ́n ti ṣe fún funfun. Iná lọ, jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tàn kò lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù, gbọ̀ngàn náà sì gbóná. Chinon tí wọ́n bu fún mi ló wọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí omi tí wọ́n gbé síta nínú oòrùn, ọtí líle nìkan ló sì ń gorí imú. Mo fẹjọ́ sùn, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bu ọtí sì dá mi lóhùn pé wáìnì pupa kì í wọ fíríìjì. Ìlú olótùútù ni òfin yẹn ti wá. Yàrá tí àwọn ará Yúróòpù ń sọ nígbà tí wọ́n ní kí a mu pupa bí yàrá ti rí kì í gbóná ju nǹkan bí ìwọ̀n 18 ti Celsius lọ, èyí tó fúyẹ́ bíi Chinon sì dára jù ní nǹkan bí 14 sí 16. Yàrá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́sàn-án lè sún mọ́ 30. Pupa tí kò bá kọ́kọ́ wọ inú ohun tútù níbí kò lè dára.

Ọ̀túnba kan tó jókòó ní iwájú ti fẹ́ da yìnyín sínú ife rẹ̀ ní tirẹ̀. Obìnrin tó darí ètò náà sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ọ̀túnba, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká fi ìgò sínú yìnyín dípò ká fi yìnyín sínú ife.” Wọ́n wá garawa, wọ́n fi omi àti yìnyín sí i, wọ́n ki ìgò Chinon méjì bọ̀ ọ́, a sì dúró. Nígbà tí wọ́n tún bu ú, ó ti di ọtí mìíràn pátápátá.

Cabernet Franc ni wọ́n fi ń ṣe Chinon. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára funfun ni pé wọn kì í fún omi èso náà kúrò lára èèpo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èèpo àti omi jọ máa ń wà pọ̀ fún ìgbà díẹ̀ bó ti ń hó, láti ara èèpo yìí ni àwọ̀ pupa ti máa ń wá, àti ohun kan tó ń jẹ́ tánnínì tí í mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbẹ. Ti Chinon kò pọ̀ jù. Òórùn èso pupa kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú òórùn tàtàṣé tí kò tíì pọ́n, èyí tí a fi ń dá Cabernet Franc mọ̀, pàápàá ní ọdún tí òtútù bá pọ̀. Àwọn tó ń fi Cabernet Sauvignon ṣe ayẹyẹ yóò fẹ́ mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ni: ìwádìí tí yunifásítì California ní Davis gbé jáde ní 1997 fi hàn pé Cabernet Franc àti Sauvignon Blanc ni wọ́n jọ bí Cabernet Sauvignon. Bàbá àti ìyá ló wà lórí tábìlì wa nírọ̀lẹ́ náà, ọmọ nìkan ni gbogbo wa ti ń fi owó ńlá rà.

Ẹran ewúrẹ́ sísun aláta ni wọ́n gbé ti Chinon, kò sì bá a lọ, nítorí pé ata àti tánnínì jọ ń fa ẹnu ni. Ẹran àgbò díndín tí wọ́n fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà sí ni ì bá yẹ ẹ́, irú èyí tó máa ń kún ilé lẹ́yìn Iléyá, nígbà tí Ojúde Ọba bá kù sí dẹ̀dẹ̀ tí àlejò sì pọ̀ nílé. Bàbá kan láti Ṣàgámù yọ obì láti inú àpò agbádá rẹ̀, ó sì fẹ́ jẹ ẹ́ láàrin Chinon àti èyí tó kàn. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó di ìparí, nítorí kíkorò obì yóò bo gbogbo ohun tó bá tẹ̀ lé e. Bàbá ní obì ò mọ ìparí. Ó jẹ ẹ́.

Saumur-Champigny, tí òun náà jẹ́ Cabernet Franc, rọ̀ díẹ̀ ju Chinon lọ, ó sì dára fún ẹni tí kò bá fẹ́ òórùn tàtàṣé. Sancerre pupa, tí wọ́n fi Pinot Noir ṣe, kò rí ojú yìnyín rárá kí wọ́n tó bu ú, àwọ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́, adùn rẹ̀ fẹ́lẹ́, owó rẹ̀ nìkan ni kò fẹ́lẹ́. Mo lè gbà pé ooru ló ba díẹ̀ jẹ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi owó rẹ̀ dán an wò.

Coteaux du Layon ni wọ́n fi parí rẹ̀. Layon jẹ́ odò kékeré kan tó ń ṣàn wọ inú Loire, ìkúukùu òwúrọ̀ tó máa ń dìde lórí rẹ̀ nígbà ìkórè a sì máa mú kí èèpo èso Chenin bu, ní irú bíbu kan tí kì í ba èso jẹ́ bí oòrùn ọ̀sán bá tẹ̀ lé e, ńṣe ló ń fa omi inú rẹ̀ gbẹ tí ṣúgà àti kíkan rẹ̀ á sì ki pọ̀. Gbogbo èso kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, nítorí náà àwọn olùkórè máa ń gba inú ọgbà kọjá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún padà wá, wọ́n á sì máa ṣa èyí tó bá ti tó. Bí ó ti wúwo lówó nìyẹn. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi wúrà, ó ń rùn bí oyin, adùn rẹ̀ sì pọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kíkan abẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó di omi ṣúgà. Gbogbo àwọn tó ti ń kùn pé wọn kò rí ọtí tó dùn dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àkàrà òyìnbó tí wọ́n gé tẹ̀ lé e kò dára fún un, torí pé àkàrà náà dùn jù ú lọ, ó sì sọ ọ́ di kíkan lẹ́nu. Ẹ̀pà yíyan tó wà lórí tábìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ ló bá a mu.

Ọ̀rọ̀ ọjà ló kù. Lára ìgò Faransé, orúkọ ibi ni wọ́n sábà máa ń kọ, kì í ṣe orúkọ èso, nítorí náà ẹni tó bá ń wá Chenin gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Vouvray ni òun ń wá. Àjọ tó ń bójú tó àwọn orúkọ ibi wọ̀nyí ni wọ́n dá sílẹ̀ ní 1935. Vouvray àti Sancerre funfun gba àṣẹ tiwọn ní 1936, Chinon ní 1937, Sancerre pupa kò sì gbà á títí di 1959. Ẹ wo ara ìgò fún nọ́ńbà NAFDAC, ẹ má sì ra èyí tó ti ń dúró nínú oòrùn lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ tóbi tó. Muscadet tí ọdún rẹ̀ kò tíì pẹ́ ni kí ẹ mú. Vouvray lè dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún bí ibi tí ẹ gbé e sí bá tutù, ìyẹn bí iná bá gbà.

Ohun tí ó bí mi nínú nípa ṣọ́ọ̀bù náà ni pé wọn kò kọ iye owó ìgò kankan sójú ìwé. Olúkúlùkù ni wọ́n ń sọ ọ́ sí létí, èyí tí wọ́n sọ fún Ọ̀túnba kò sì bá èyí tí wọ́n sọ fún mi mu. Nígbà tí mo bèèrè, wọ́n ní àdínkù wà fún ẹni tó bá ra ìgò mẹ́fà. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo wa rí i. Owó ìwọlé kò pọ̀ jù fún ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ tó, àlàyé rẹ̀ sì dára ju ti àwọn ibi ńláńlá kan tí mo ti dé ní Èkó lọ.

Mo ra Vouvray demi-sec àti Muscadet, mo sì fi gbogbo pupa sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní wáìnì agbègbè Rhône ló kàn, èyí tí pupa rẹ̀ lágbára ju ti Loire lọ tí ọtí líle rẹ̀ sì pọ̀ jù ú. Mo ti sọ fún obìnrin náà pé kó ra yìnyín tó tó ti ìgò méjìlá sílẹ̀, kó sì gbé tábìlì rẹ̀ kúrò lẹ́bàá fèrèsé; ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn á ṣe é. Bí wọ́n bá ṣe é, ẹ lọ.